Egungun Màlúù Tí Mo Fi Ń Ṣe Ọ́ìlì Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Mállàm Dáúdà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá jókòó kí n ròyìn ohun tójú mi rí fún yín. Ó ti tó oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mi ò rí ẹnu sọ ọ́. Lónìí ni mo sọ fún ara mi pé tí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé inú tètè máa ń bí mi, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi bò. Kódà bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi. Ta ni inú ń bí mi sí? Ẹ kà á dópin ná.

Màmá Ọ́ìlì ni àwọn ọlọ́kadà ń pè mí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Iṣẹ́ lábù ni mo kọ́, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo fi ń fọ ìgò tí mo sì ń po kẹ́míkà fún àwọn olùkọ́ kí n tó jókòó sílé ṣe tèmi. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mò ń ṣe. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fà jáde látinú ilẹ̀ o! Àdín ni mo fi ń ṣe é. Àdín tí àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ tuntun lára, òun náà ni. Tí mo bá fi èròjà kan tó rí bíi ṣúgà sí i, tí mo sè é bó ṣe yẹ, á di ọ́ìlì tí ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìlọta lè lò, tí kò ní tètè jó.

Àmọ́ àwọn nǹkan méjèèjì yẹn kì í dédé gba ara wọn. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ẹ fi wé alárinà: ó máa mú wọn pàdé, wọ́n á fẹ́ ara wọn, òun á sì padà sílé rẹ̀ bó ṣe wá.

Ásíìdì ni kátálíìsì tí mo kọ́kọ́ ń lò. Hẹ̀n! Ẹ wo apá mi òsì ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí mi, ẹ ó rí i bó ṣe bó. Ásíìdì ló bó o. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Tí ọ́ìlì bá ti jinná, ásíìdì á ṣì wà nínú rẹ̀, omi lèèyàn á máa fi fọ̀ ọ́ ṣáá, garawa lórí garawa. Omi yẹn á kan gógó. Ibo ni mò ń dà á sí? Ẹ̀yìn ọgbà ni.

Ẹ̀yìn ọgbà mi yẹn ni Màmá Ìdòwú gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí. Màmá Ìdòwú ni aládùúgbò mi, ìyá àgbàlagbà tó ń se bọ̀kọ́tọ̀ tà níwájú ilé. Ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù wọn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ẹ̀fọ́ wọn ti rọ, ó ti pọ́n bí ẹni pé iná lá a. Wọ́n wá sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n bú mi. Èmi náà ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe: mo bú wọn padà. Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ! Láti ọjọ́ náà, a ò kí ara wa mọ́.

Mo gba kámú, mo ní kí n wá kátálíìsì tó mọ́. Mo rántí ohun tí a ń ṣe ní lábù nígbà kan: egungun màlúù. Tí wọ́n bá sun egungun nínú ìléru tó gbóná dáadáa, á funfun bí ẹfun. Màá gún un, màá sẹ́ ẹ, á kúnná lúbúlúbú. Ìyẹ̀fun yìí kì í yọ́ mọ́ ọ́ìlì. Tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, á rọra silẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò, màá sẹ́ ẹ kúrò, màá tún un sun, màá sì tún un lò. Omi tó kan ò sí mọ́, ọwọ́ tó ń bó ò sí mọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i pé ó ṣiṣẹ́, mo jó yí ìkòkò ká. Èmi nìkan!

Ibo la ti ń rí egungun? Sábó ni. Ibẹ̀ ni mo ti bá Mállàm Dáúdà pàdé, bàbá tó ń kó egungun jọ lọ́wọ́ àwọn alápatà. Irùngbọ̀n wọn ti funfun tán. Wọ́n ti pẹ́ ní Ifẹ̀ débi pé tí wọ́n bá ń ná ọjà, ẹ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe ibí ni wọ́n bí wọn sí. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé àpò kan wá fún mi.

Ibí yìí ni ìwà òmùgọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnì kan má lọ jí iṣẹ́ mi. Ẹ mọ bó ṣe rí nílùú wa, tí ẹnì kan bá ti rí ọ̀nà, ọ̀la ni gbogbo àdúgbò á gbé ìkòkò kaná. Mo fi páànù yí ìléru ká, ó ga ju èèyàn lọ. Mo sọ fún Mállàm pé kí wọ́n má ṣe kó orí wá, kí wọ́n má ṣe kó ìwo wá, kí wọ́n má ṣe kó pátákò wá, kí wọ́n gé ìyókù kélekèle, kí ẹni tó bá yọjú wò ó má lè mọ ohun tó jẹ́. Mo tún ní kí wọ́n búra pé wọn ò ní sọ ohun tí mò ń fi í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó. Mo ní kò tó o! Ni wọ́n bá búra. Wọ́n ní wàláhì, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ládùúgbò mi náà bi mí léèrè, ṣé ẹ rántí? Mo sọ fún àwọn kan pé èédú ni mò ń sun. Mo sọ fún àwọn mìíràn pé oúnjẹ adìyẹ ni mò ń ṣe. Ta ló ń sun èédú tí òórùn ẹran jíjó ń jáde níbẹ̀? Èmi náà mọ̀ pé irọ́ yẹn ò dán mọ́rán, àmọ́ mo ti pa á.

Láàárín àkókò yẹn, fídíò kan ń lọ káàkiri lórí fóònù. Wọ́n ní wọ́n bá egungun èèyàn lẹ́yìn ilé ẹnì kan, ní ìlú kan tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ dárúkọ. Gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Èmi náà wò ó, mo tún fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta! Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé lẹ́yìn ilé tèmi náà, èéfín ń rú.

Ọjọ́ burúkú ọjọ́ náà, ọ̀sán ti ń lọ, mo gbé ọ́ìlì lọ fún oníbàárà mi kan nítòsí Ẹnuwá. Mállàm ti pè mí pé àwọn ń bọ̀, mo ní kí wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé lórí ọ̀kadà, a dé kọ́nà àdúgbò wa, ariwo gba ibẹ̀ kan. Ẹni tó gbé mi ní wọ́n ti mú afèèyànṣoògùn kan, pé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú egungun.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Ẹ má bú mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lù ú dáadáa!"

Ẹnu èmi yìí náà ni.

Ọ̀kadà tún sún díẹ̀ síwájú, mo rí àpò mi nílẹ̀. Àpò aláwọ̀ ewé tí mo fi ọwọ́ mi rán ẹnu rẹ̀ fún Mállàm. Egungun ti tú ká sójú títì. Mo fò sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró.

Mállàm Dáúdà ni wọ́n nà sílẹ̀. Fìlà wọn ti fò lọ, agbádá wọn ti ya láti ọrùn dé ìdí, ẹ̀jẹ̀ ti bo irùngbọ̀n funfun yẹn. Àwọn géńdé tó ń lù wọ́n á tó mẹ́wàá, àwọn tó ń fi fóònù yà wọ́n pọ̀ jùyẹn lọ. Wọ́n ń pariwo pé kí Mọ́là yìí sọ ohun tó fẹ́ fi egungun èèyàn ṣe. Mállàm ń sọ ohun kan náà ṣáá: kí wọ́n dúró de onílé. Kí wọ́n dúró de onílé! Ẹnì kan gbé pákó sókè, ó gbá a mọ́ wọn létí òsì. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Títí di àsìkò yìí, tí ẹnì kan bá ju igi sílẹ̀ nítòsí mi, ara mi á bù máṣọ.

Ojú mi ṣókùnkùn. Mi ò mọ bí mo ṣe wọ àárín wọn. Mo fi àpò tí mo gbé lọ́wọ́ gbá ẹnì kan lójú. Mo fi eyín gé apá ẹni tó mú pákó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu mi. Ẹnì kan fọ́ mi létí, òmíràn ta mí nípàá níhà, mo ṣubú lé Mállàm lórí. Mò ń ké pé egungun màlúù ni! Egungun màlúù ni o!

Wọ́n ní tó bá jẹ́ màlúù, orí rẹ̀ dà? Ìwo rẹ̀ dà? Pátákò rẹ̀ ńkọ́?

Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi ni mo ní kí wọ́n má kó o wá.

Ọkùnrin kan nàka sí mi, ó ní èmi ni mo sọ fún òun pé èédú ni mò ń sun. Obìnrin kan ní irọ́ ni, pé oúnjẹ adìyẹ ni mo pè é fún òun. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, àwọn èrò tó kù sì wò mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti tán. Kò sí ẹni tó máa gbà mí gbọ́ mọ́.

Múfú ló wá gbé táyà dé. Ẹ ò mọ Múfú. Ọlọ́kadà ni, oníbàárà mi gidi, ọ́ìlì mi ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Inú mi kọ́kọ́ dùn nígbà tí mo rí i. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó sọ fún wọn, pé ohun tí mo fi ń ṣe ọ́ìlì tó ń lò nìyẹn, pé egungun yìí ni!

Háà! Mo ti ba nǹkan jẹ́. Múfú dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ó ní egungun èèyàn ni mo ti ń bù sínú ọ̀kadà òun láti ọjọ́ yìí? Òun tó ń fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé? Ó da ìpàá bò mí. Ìpàá kan ló bá mi lẹ́nu tí eyín iwájú mi fi kán, ìyẹn tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè nínú fọ́tò mi ọjọ́sí. Ó wá ti táyà náà kọ́ Mállàm lọ́rùn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í da pẹtiróòlù látinú ike. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mállàm dákẹ́ ẹ̀bẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe "Lá ìláha illalláhu" wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹni mẹ́ta di èmi mú. Mò ń ké, mò ń bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n sun èmi, kí wọ́n fi bàbá yẹn sílẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ni Màmá Ìdòwú jáde.

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn rìn wọ àárín èrò náà pẹ̀lú ìborùn lórí àti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fa táyà yẹn yọ lọ́rùn Mállàm, pẹ̀lú pẹtiróòlù tó ń kán lára rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn ara wọn. Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó yá. Ẹ ṣáná."

Ta ló máa ṣáná sí ìyá tó bù bọ̀kọ́tọ̀ fún un láàárọ̀?

Màmá Ìdòwú nawọ́ mú egungun kan nílẹ̀, wọ́n gbé e sókè. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó dúró síbẹ̀ ló ti jẹ nínú abọ́ àwọn, kí wọ́n wá wo egungun yìí. Wọ́n fi ìka tọ́ ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pín sí orí méjì, níbi tí pátákò méjèèjì máa ń dúró lé. Wọ́n ní ẹsẹ̀ èèyàn wo ló pín báyìí? Wọ́n mú òmíràn, wọ́n ní orúnkún rèé. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n ní ibi tí Múfú fẹ́ràn láti máa fa mùdùnmúdùn rẹ̀ mu rèé, ṣé kò dá a mọ̀ mọ́ ni?

Múfú wo egungun yẹn. Ó wo Mállàm. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dorí kodò.

Ẹ ò lè mọ bí èrò ṣe tètè ń tú ká! Àwọn tó ń ya fídíò kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó gbá pákó, ó rọra gbé pákó náà ti ògiri, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti yá a. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ jọ̀ọ́.

Èmi àti Màmá Ìdòwú la gbé Mállàm wọ takisí lọ sí ọsibítù. Egungun ìhà wọn méjì ti dá, apá wọn ọ̀tún ti ṣẹ́, dọ́kítà sì ní etí òsì ti bẹ́ nínú, pé kò ní gbọ́ ohùn mọ́.

Lórí àga tí a jókòó sí níta, Màmá Ìdòwú bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn ni àwọn kọ́kọ́ lọgun. Èéfín ti sú wọn, ìbínú ẹ̀fọ́ yẹn ò sì tíì tán nínú wọn, wọ́n wá rí ẹ̀jẹ̀ lára àpò Mállàm. Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ní rárá, mi ò tíì gbọ́. Wọ́n ní bí àpò yẹn ṣe tú, tí egungun dà sílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ti dá a mọ̀ pé ẹsẹ̀ màlúù ni. Ṣùgbọ́n àwọn dákẹ́. Wọ́n rò pé àwọn èrò kàn máa gbá bàbá náà létí méjì, kí ojú lè tì mí ládùúgbò. Nígbà tó wá le, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn. Inú ilé ni àwọn dúró sí tí àwọn ń ka ìró pákó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹnu mi, ẹ ó rò pé mo gbaná jẹ. Rárá o. Ẹni tó dákẹ́ ló jókòó tì mí, èmi ni mo sì wà lórí ọ̀kadà tí mo ní kí wọ́n lù ú dáadáa. Èwo ló sàn nínú wa?

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbà kí n wọlé rí Mállàm. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí páànù dórí ìbúra, dórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní kọ́nà. Mo sunkún títí aṣọ bẹ́ẹ̀dì fi rin. Wọn ò dáhùn. Wọn ò tiẹ̀ yíjú. Mo ní ó tọ́ sí mi, mo dìde pé kí n máa lọ.

Ìgbà tí mo dé ìdí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Wọ́n yí orí padà, wọ́n ní, "Màdáámù, ìgbà wo lẹ dé?"

Etí òsì ni mo ti ń sọ ọ́.

Mo lọ yí sí apá kejì, mo tún kúnlẹ̀, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kàn sọ pé ọ́ìlì ni mò ń fi í ṣe? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni! Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ò tó. Wọ́n ní àwọn sì ti búra.

Wọ́n ní àwọn dárí jì mí. Àwọn ò fẹ́ ẹjọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn ò ní gbé egungun wá sílé mi mọ́.

Mo ti tú páànù yẹn dànù. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìléru mi, kó wá wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó gbé ìkòkò tiẹ̀ wá, màá kọ́ ọ! Èmi fúnra mi ni mò ń lọ sí Sábó báyìí, orí màlúù tòun tìwo ni mo máa ń gbé sókè àpò. Màmá Ìdòwú tún ti gbin ṣọkọ, ó ti ń rúwé. Múfú wá ra ọ́ìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò lè wò mí lójú. Mo tà á fún un. Mi ò tíì dárí jì í, mi ò ní parọ́ fún yín.

Àmọ́ èmi fúnra mi gan-an ni inú ń bí mi sí. Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Mo yọ ásíìdì kúrò nínú iṣẹ́ mi kí ó lè mọ́, mo wá fi irọ́ rọ́pò rẹ̀, bàbá ẹni ẹlẹ́ni ni irọ́ náà sì jó. Àṣírí tí ẹlòmíràn máa fi ara gba ìyà rẹ̀, kì í ṣe tèmi láti pa mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ pé wọ́n ń lu ẹnì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi lórí ọ̀kadà. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ wo ẹni tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti jìyà rí nítorí ohun tẹ́ ẹ ní kó má sọ? Àbí ẹ ti wà níbi tí wọ́n ti ń lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tẹ́ ẹ mọ òótọ́, tí ẹnu yín wúwo? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má tijú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ kí Mállàm ní Sábó. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ, màá kà á fún wọn, ní etí ọ̀tún.